ILÉ NANA NÍ KOKO: TA NI Ó GBÉ ẸRÙ TÍ A FI BÙ ẸWÀ SÍ I?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí òwe kan bá wà tí ó bá ilé ńlá tí Olóyè Nana Olomu kọ́ sí ìlú Koko mu, òwe yìí ni. Wọ́n pa ìlú ọkùnrin náà run, wọ́n gba ohun tó ní, wọ́n sì lé e lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Síbẹ̀, nígbà tí ó padà dé, ilé tí ó kọ́ gbayì débi pé ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1990. Òun ni a ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń gbé ní Warri, láti agbègbè èbúté títí dé Effurun àti Sapele, Koko kò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Delta kan náà ni a jọ wà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lo ogún ọdún níbí láì fojú kan ilé náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpolówó ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ fi ojú ìwé yìí ṣe. Mo fẹ́ yẹ ilé náà wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wò: kí ni ó ń sọ fún wa, kí ni kò sọ, ojú wo ni ó sì yẹ kí àlejò fi máa wo irú ilé bẹ́ẹ̀?

TA NI NANA OLOMU?

Nǹkan bí ọdún 1852 ni a bí Nana. Ọmọ Ìṣẹ̀kírì ni, àwọn tí èdè wọn bá tiwa tan gan-an, nítorí àwọn onímọ̀ èdè ka Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà mọ́ ìdílé kan náà. Olomu, baba rẹ̀, jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò epo pupa lórí odò tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Benin River, òun ni ó sì tẹ Ebrohimi dó sí àárín irà. Ní àkókò náà, àwọn Ìṣẹ̀kírì kò ní ọba lórí ìtẹ́. Láti ìgbà tí Olú Akengbuwa ti wàjà ní 1848, àga Olú ṣófo títí di 1936. Nínú àlàfo yìí ni oyè tí wọ́n ń pè ní Gómìnà odò náà ti jáde. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ Òyìnbó, òun ni ń parí ìjà láàárín àwọn oníṣòwò, òun náà ni ń rí i pé òwò ń lọ déédéé.

Olomu kú ní 1883, Nana sì gba ipò rẹ̀. Ní 1884, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé òun ni Gómìnà. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n gbé ìwé àdéhùn wá fún òun àti àwọn olóyè yòókù pé àwọn yóò máa dáàbò bò wọ́n. Àwọn olóyè fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò gba apá tí ó ní kí oníṣòwò láti ilẹ̀ gbogbo máa ṣòwò níbikíbi tó bá wù ú. Nana mọ ohun tó ń ṣe. Bí Òyìnbó bá lè kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń se epo nínú igbó, òwò tirẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ọdún 10 ni ó fi di odò náà mú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ó ń dí òwò lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ènìyàn rẹ̀ ń da àwọn Urhobo láàmú, wọ́n sì pè é wá jẹ́jọ́. Kò lọ. Ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jaja ti Opobo ní 1887, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn pè wọ inú ọkọ̀ tí kò sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Opobo mọ́ títí ó fi kú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1894, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Ebrohimi. Àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100, láì ka ìbọn àti ẹ̀tù. Nana sá gba ojú omi lọ sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì ti fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Calabar, àwọn aláṣẹ tí wọ́n bá a jà náà ni wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Accra ni ó wà títí di 1906 tí wọ́n fi jẹ́ kí ó padà wálé.

ILÉ ẸNI TÍ A ṢẸ́GUN

Láàárín 1907 sí 1910 ni ó kọ́ ilé Koko. Ní 1916 ni ó kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni àṣìwò àwa àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá dé ibẹ̀ ń wo ilé náà bí ilé alágbára. Wọ́n á ní, “Ẹ wo ibi tí ọkùnrin tó ko Òyìnbó lójú ń gbé!” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí Nana ń gbé nígbà tí ó ko Òyìnbó lójú ti run ní Ebrohimi. Èyí tó wà ní Koko jẹ́ ilé ẹni tí a ti ṣẹ́gun. Nígbà tí ó fi ń kọ́ ọ, kò sí oyè Gómìnà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò ní àgbá, kò ní ọkọ̀ ogun. Dogho, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dore Numa, ẹni tí ó wà lẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìjà, ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè Warri. Ilé nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí Nana lè fi sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ó fi kọ́ ọ tóbi. Arúgbó tó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, tó ti pàdánù gbogbo nǹkan, ń sọ fún ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ pé òun ṣì wà.

Lójú tèmi, èyí ni ẹwà ilé náà. Ó ju pákó àti ògiri lọ. Ilé alágbára pọ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ilé ẹni tó ṣubú tó sì tún dìde kò wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀, tí kò ṣàlàyé pé 1894 ṣáájú 1910, ó ti mú wọn rin ìrìn àjò lásán. Ojú wọn yóò rí ilé, wọn kò ní mọ ohun tí ilé náà ń wí.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ ELÉPO

Síbẹ̀, òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fi ìbéèrè kan sílẹ̀. Bí ẹwà bá bù sí ilé, ọwọ́ ta ni ó bù ú sí i?

Nígbà kan tí àwọn kan nínú wa jọ lọ sí Koko, bí a ṣe máa ń ṣe ni a ṣe. A wo ohun ìní olóyè náà, a wo àwọn ẹ̀rí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Òyìnbó, a ya fọ́tò, a sì ń wá ibòji tí a ó ti jẹun. Ìyá kan wà láàárín wa tí ó ti ń ta epo pupa ní Warri láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìyá náà kò ya fọ́tò. Ó dúró, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, epo ni wọ́n ní ọkùnrin yìí tà. Mo mọ ohun tí ojú ń rí kí kẹ́ẹ̀gì kan tó kún. Ta ló ń gun ọ̀pẹ? Ta ló ń gún ẹyìn? Ta ló ń wa ọkọ̀?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà ni ó tọ̀nà jù lọ nínú gbogbo ohun tí a sọ ní ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dá màmá lóhùn. Epo tí Nana tà kò hù ní etí òkun. Etí odò níbi tí àwọn Ìṣẹ̀kírì ń gbé jẹ́ irà àti omi iyọ̀. Òkè, ní ilẹ̀ àwọn Urhobo, ni ọ̀pẹ wà. Àwọn ọkùnrin á fi igbà gun ọ̀pẹ, wọ́n á gé ìdì ẹyìn lulẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin á pọn omi sí i, wọ́n á sì ré epo kúrò lójú omi. Àwọn ènìyàn Nana á wá gbé ọjà Òyìnbó lọ fún wọn ní àwìn, aṣọ, iyọ̀, ọtí àti ìbọn, epo ni wọ́n á sì fi san án. Nígbà mìíràn tí gbèsè kò bá tètè wọlé, wọ́n á mú ènìyàn lára àwọn onígbèsè dè títí owó yóò fi pé. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dì mọ́ nìyí nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àánú Urhobo.

Láti òkè, ọkọ̀ ni ó ń gbé àgbá epo wá sí etí òkun. Ta ló ń wa ọkọ̀? Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹrú ni ó gbé ẹrù. Ẹrú àti ọmọ ẹrú ni púpọ̀ nínú àwọn tó kún Ebrohimi, àwọn náà ni wọ́n sì dúró ti olówó wọn nígbà tí àgbá Gẹ̀ẹ́sì ń dún. Bí epo bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Liverpool, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, tí wọ́n sì ń fi pa irin ẹ̀rọ kí ó má baà dípẹtà. Èrè rẹ̀ kọ́ ilé ńláńlá ní Liverpool, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì gbé Nana ró ní etí odò. Ẹni tó gun ọ̀pẹ kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kankan.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, fáìlì ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ọ́fíìsì mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni. Ilé ńlá dà bí fáìlì. Orúkọ olówó wà níwájú ìwé. Orúkọ ẹni tó gbé ẹrù kò sí níbì kankan, àfi bí àwa tó ń kà á bá béèrè.

KÌ Í ṢE TI NANA NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú onílé wa. Irú ilé yìí wà káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Kánádà, ìlú kan wà tí wọ́n fi orúkọ Ọbabìnrin Victoria pè. Ibẹ̀ ni Robert Dunsmuir, ọmọ Scotland tí èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ sọ di olówó ńlá, ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé kan ní 1887. Wọ́n ń pè é ní Craigdarroch. Yàrá 39 ni ó wà nínú rẹ̀. Dunsmuir kò gbé inú rẹ̀ rí. Ó kú ní oṣù Kẹrin 1889, nígbà tí ilé kò tíì parí, opó rẹ̀ ni ó gbé ibẹ̀. Lónìí, àlejò ń sanwó wọlé láti wo pákó dídán àti gíláàsì aláràbarà.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 1888, nígbà tí àwọn bírìkìlà ń mọ ilé náà lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ gbiná nínú ihò èédú Dunsmuir ní Wellington, ó sì pa àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 60. Àwọn ará China tí wọ́n ń gba owó tó kéré jù wà lára wọn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1877, sójà ni wọ́n kó wá bá wọn. Bí Ìyá Elépo wa bá dé Craigdarroch, ìbéèrè kan náà ni yóò bi wọ́n: ta ló wọ inú ihò?

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí á fi àpáàdì bo tiwa mọ́lẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, ẹrú pọ̀ ní oko rẹ̀ jọjọ. Madam Tinúbú tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede kan ní àárín Èkó, ó ta epo, ó sì ta ènìyàn pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ bi Nana ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ ṣe tán láti bi ará ilé tirẹ̀.

ILÉ TÓ BÁ WÓ KÒ LÈ DÁHÙN

Àwọn kan lè sọ pé, “Bí ọ̀rọ̀ ilé wọ̀nyí bá jẹ́ ti ẹrú àti ìyà, kí ni a tún ń tọ́jú wọn sí?” Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀. Ní gbàgede Tinúbú kan náà ní Èkó, ilé kan wà tí à ń pè ní Ìlójo Bar. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n wá láti ìhà Brazil, ni wọ́n kọ́ ọ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ọdún 34 kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé Nana. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n fi katakátá wó o palẹ̀. Òfin tó dáàbò bò ó wà nínú ìwé, ilé kò sí nílẹ̀ mọ́. Ta ló ru bíríkì rẹ̀? Àwọn wo ni wọ́n sùn nínú rẹ̀? A kò lè dúró níwájú rẹ̀ bi í léèrè mọ́. Ẹni tó bá wó ilé ti pa ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, kí á tọ́jú ilé, kí á sì máa bi í ní ìbéèrè. Ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dí èkejì lọ́wọ́.

Àwa tí à ń gbé Warri ní ìdí tiwa láti fi ọwọ́ pàtàkì mú èyí. Koko tí Nana kọ́ ilé sí ni èbúté tí àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró gbà wọlé ní 1987 àti 1988, tí wọ́n sì kó wọn jọ sí àgbàlá ẹnìkan. Ìgbà tí àṣírí tú ní oṣù Kẹfà 1988 ni ìjọba ológun ìgbà náà gbé òfin líle jáde lórí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn ni ó kọ́kọ́ pa lára. Odò kan náà ni, láti ìgbà epo pupa títí di ìgbà epo rọ̀bì. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, ẹni tó ń gbé ẹrù ni kì í sí nínú ìtàn. Bí a bá kọ́ láti béèrè rẹ̀ níwájú ilé Nana, a ó mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀ ní èbúté Warri, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń wá oúnjẹ òòjọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ìdájọ́ mi rèé. Ilé Nana yẹ ní rírí, ó sì yẹ ní títọ́jú, ju ọ̀pọ̀ ilé tí a ń náwó ọkọ̀ lọ wò ní òkèèrè. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó wà lọ́dọ̀ àwa tí à ń lọ wò ó. Ojú tí a fi ń wo ilé ọlọ́rọ̀ ni a fi ń wò ó, a sì ń padà sílé bí a ṣe lọ.

Mo dá a lábàá pé nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá tún ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, kí á ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí á sọ ìtàn Ebrohimi fún wọn kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ẹni tó ṣubú tó sì dìde ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Èkejì, kí á pe àgbà Ìṣẹ̀kírì kan àti àgbà Urhobo kan kí wọ́n bá wa lọ, nítorí ẹnu ẹnìkan kò tó ìtàn yìí sọ, pàápàá ní ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn nítorí ta ni ó ni ín, láti 1997 títí di 2003. Àlejò ni wá. Àlejò tó gbọ́n kì í gbè sẹ́yìn ẹnìkan nínú ìjà onílé, etí ni ó ń fi sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó ya fọ́tò kankan. Bí kò bá mọ èyí tí yóò kọ, kí ó kọ ti Ìyá Elépo.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á máa kí onílé kú orí ire, kí á má sì gbàgbé àwọn tí wọ́n pọn omi, tí wọ́n ru igi, tí wọ́n wa ọkọ̀ títí ẹwà náà fi pé. Kí Elédùmarè jẹ́ kí Warri àti Koko tòrò fún onílé àti àlejò. Kí ó sì jẹ́ kí ilé tí àwa náà ń kọ́ lé ní ẹ̀rí rere nígbà tí ọmọ ọmọ wa bá wá bi í léèrè. Àṣẹ.